Ìgò Kan, Ife Méjì

Ní alẹ́ ọjọ́ kejì ìdánilẹ́kọ̀ọ́ àwọn tísà,
nígbà tí àwọn ẹlẹgbẹ́ mi ti ka Sáàmù tán, tí wọ́n ti ń hanrun,
mo bọ́ bàtà ìpàdé, mo ki ẹsẹ̀ bọ sílípáàsì,
mo yọ́ jáde ní ilé àlejò tó wà ní Mọ́kọ́lá
bí ọmọ tó jí ẹran nínú ìkòkò.

Ọdún mọ́kànléláàádọ́ta tí mo lò láyé,
n kò jókòó sílé ọtí rí.
Mo ti dúró lẹ́nu ọ̀nà rẹ̀ rí, ká sòótọ́,
lọ́jọ́ tí mo lọ fa ọkọ mi jáde.

Láṣísì ọlọ́kadà wò mí látòkè délẹ̀:
"Màámi, sé ibi tí wọ́n ti ń pariwo lẹ fẹ́,
àbí ibi tí wọ́n ti ń mu?"
Ọmọ Ìbàdàn. "Ṣ" kì í pẹ́ lẹ́nu wọn.
Mo ní kó gbé mi lọ síbi méjèèjì.

Ìlú yìí ò mọ pẹ̀tẹ́lẹ̀.
A gùn, a sọ̀, a tún gùn,
Dùgbẹ̀ ti palẹ̀ mọ́, ajá nìkan ló ń ná ọjà níbẹ̀,
atẹ́gùn kó sínú bùbá mi, mo wú bí ẹni tó lóyún.

Ibi àkọ́kọ́: gílóòbù pupa,
orin tó ń mì omi inú ife,
ọmọkùnrin kan tó wọ jígí dúdú lóru
tó wá ń fọwọ́ tálẹ̀ wá kọ́kọ́rọ́ rẹ̀.
Ẹ̀ṣọ́ ẹnu ọ̀nà ní, "Mọ́mì, ta lẹ wá mú?"
N kò jókòó.

Ibi kejì wà ní Òkè-Àdó, lẹ́yìn ilé fọganáísà,
tábìlì mẹ́rin lábẹ́ igi furúùtù,
èéfín ẹja yíyan, bọ́ọ̀lù tí wọ́n ń wò láìsí ohùn
torí pé jẹnẹrétọ̀ ló ń sọ̀rọ̀ fún gbogbo wa.
Ọmọbìnrin kan gbé ìgò kan wá, ife méjì.
"Ta lẹ ń dúró dè?"
Mo ní n kò dúró de ẹnikẹ́ni.
Ó fẹ́ gbé ife kejì, ó tún fi sílẹ̀.
"Ẹ jẹ́ ó wà níbẹ̀.
Ẹni tó bá rí ife méjì kò ní wá yọ yín lẹ́nu."

Bíà korò. Mo ń mu ún bí àgbo,
mo dijú, mo gbé e mì.

Ni àwọn ọkùnrin ẹ̀gbẹ́ mi bá ń jiyàn lórí owó.
Ọmọbìnrin náà kò mú bírò, kò tẹ fóònù:
"Ìgò méje, ẹgbẹ̀rin náírà lọ́kọ̀ọ̀kan,
ẹgbẹ̀rún márùn-ún ó lé ẹgbẹ̀ta. Ẹ sanwó, mo fẹ́ relé."
Àmọ́ kò pè é ní ilé. Ó ní "ulé".
Mo gbójú sókè.
Ó ti ń wò mí tipẹ́.

"Tísà. Ìbídùn ni. Kíláàsì kẹta, Àrámọkọ.
Ẹ nà mí ní ẹgba mẹ́fà nítorí méje lọ́nà mẹ́jọ."

Kí ni èèyàn ń sọ?
Mo fa àga kejì fún un.
Ó jókòó sí etí rẹ̀, bí ìgbà tó wà ní kíláàsì,
ó bu bíà mi sínú ife kejì láìtọrọ.
"Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má sọ fún màámi pé ẹ rí mi.
Wọ́n rò pé bánkì ni mo wà."
Ó mu ún. "Irọ́ kọ́ náà ṣá. Owó la ń kà."
Mo ní, "Ìwọ náà, o kò rí mi."
A rẹ́rìn-ín títí ẹnìkan fi ń pàtẹ́wọ́ pè é pé ẹja òun dà.

Láṣísì ti sùn sórí táǹkì ọ̀kadà rẹ̀.
Mo ní láti jí i lẹ́ẹ̀mejì.

Láàárọ̀, olùdánilẹ́kọ̀ọ́ kọ ìbéèrè sára pátákó:
ọ̀nà wo ló dára jù láti fi kọ́ ọmọ ní ìṣirò?
Mo nawọ́ sókè.
Nígbà tó pè mí,
mo ní mo kàn fẹ́ lọ mu omi ni.