Ohùn Tí Baba Fi Pe Ẹtu

Ọjọ́ Sátidé ni. Ilẹ̀kùn ẹ̀yìn mọ́tò Dòtun,
okùn la fi so ó láti Òkè-Fìà.
Mọ́ínmọ́ín eléwé wà lórí itan mi, ó ń jó mi lára,
àwọn ọmọ ń jà lórí ta ni yóò jókòó ti fèrèsé,
Baba wà níwájú, kò sọ̀rọ̀,
fìlà rẹ̀ ká jọ sórí orúnkún bí ológbò tó ti darúgbó.

Lẹ́nu géètì, ọmọkùnrin tó ń já tíkẹ́ẹ̀tì
wo Baba láti òkè délẹ̀, ó ní,
“Àgbà kì í sanwó níbí.”
Baba ní, “Èmi gan-an ló yẹ kí n san jù.”
A rò pé àwàdà ni. A rẹ́rìn-ín.

Kìnnìún tí a tìtorí rẹ̀ wá, oorun ló ń sùn.
Ó kẹ̀yìn sí wa, eṣinṣin ń bà lé e nídìí.
“Ṣé ó ti kú ni?” Bámitálé bèèrè.
“Ó rẹ̀ ẹ́ ni,” ni Dòtun wí, ẹni tó sanwó gbogbo wa,
tí ojú sì ń tì bá kìnnìún.
Ọ̀nì lanu sílẹ̀, kò pa á dé,
bí ẹni tó gbàgbé ọ̀rọ̀ tó fẹ́ sọ.
Ọ̀bọ kan na ọwọ́ gbọọrọ jáde láàárín irin,
ó já mọ́ínmọ́ín gbà lọ́wọ́ Mọrádékẹ́,
ó tú ewé rẹ̀ pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́, ó gbóòórùn rẹ̀,
ó sì jù ú sẹ́yìn.
Ata ti pọ̀ jù, ọkọ mi ní.
Èmi ni mo sè é.

Kí a tó bojú wẹ̀yìn, Baba ò sí mọ́.

A bá a nídìí ọgbà wáyà kékeré kan, lábẹ́ igi ahùn,
níbi tí ẹnikẹ́ni kì í dúró sí:
ẹtu kan péré, kò ga tó ewúrẹ́,
ó dúró láàárín ìràwé, àwọ̀ òun náà bí ìràwé.
Ogójì ọdún ni Baba fi dẹ igbó láti Ìbòkun dé Ìlá.
Ẹran ló fi rán mi níwèé.
Yunifọ́ọ̀mù mi, ẹtu ni. Bàtà mi, ẹtu.
Owó tí mo fi wọ kọ́lẹ́ẹ̀jì,
àgbọ̀nrín méjì ni, àti òru mẹ́tàdínlógún.

Ó fi ìka méjì di imú.
Ohùn kan jáde lẹ́nu baba mi
tí n kò gbọ́ rí láti ọjọ́ tó ti bí mi,
ohùn tín-ín-rín, tó ń gbọ̀n, bí ohun kékeré tó sọnù.
Etí ẹtu dìde.
Ó tún pè. Ó gbé ẹsẹ̀ kan, ó dá a dúró lókè,
ó gbé e lélẹ̀. Ó ń bọ̀.
Ó ń bọ̀ tààrà lọ́sàn-án gangan,
ó dé ìdí wáyà, ó fi imú tútù kan ìka Baba.

Àwọn ọmọ pàtẹ́wọ́. “Baba, ẹ tún un ṣe! Baba!”
Baba ò mọ ibi tí yóò kó ọwọ́ rẹ̀ sí.
Ọwọ́ ọ̀tún lọ sí èjìká, níbi tí ìbọn máa ń wà,
kò bá nǹkan kan níbẹ̀, ó padà.
“Ohùn ọmọ rẹ̀ ni,” ó sọ fún mi, jẹ́jẹ́.
“Ohùn ọmọ wọn ni mo fi ń pè wọ́n.”
Ẹtu ṣì dúró. Ó ń wá ọmọ náà lẹ́sẹ̀ wa,
láàárín sálúbàtà àti ike omi.

Mo gbé ìrẹsì fún Baba. Ó ní òun ti yó.

Nígbà tí a ń padà, oòrùn ti rọ̀ lórí Gbódòfọ̀n,
okùn ilẹ̀kùn ń lu ara mọ́tò, pàkà, pàkà.
Bámitálé fi ìka di imú, ó ń kọ́ ọ:
kò jọ ọ́ rárá, ó dà bí ewúrẹ́ tí òtútù mú.
Mo ní kó dákẹ́.
Baba ò yíjú padà.
“Fi í sílẹ̀,” ó ní. “Jẹ́ kó máa pè é.
Òun ò ní nǹkan kan lọ́wọ́.”