Mo Fọwọ́ Kan Họ́ọ̀sì

Gíà àkọ́kọ́ kú sí Ìtóìkín,
lọ́jọ́ Ẹtì, oòrùn wà ní àtàrí.
Táǹkì omi méjì ló wà lẹ́yìn mi,
ẹja àrọ̀ ń jà nínú wọn,
ẹni tó ti sanwó ń retí mi n'Íkòròdú.
Píkọ́ọ̀pù pariwo bí ẹni tó fẹ́ fò,
táyà ò yí.
Mo fa ọ̀pá ìwọ̀n jáde:
òróró tó yẹ kó pupa bí omi sóbò
ti dúdú, ó ń rùn bí àkàrà tó jóná.
Ìdajì ẹja ti kú kí ọkọ̀ tó máa fà wá tó dé.

Owó gíà tuntun
(tòkunbọ̀ ni, ìrora rẹ̀ ló tuntun)
àjọ ọdún kan àtààbọ̀ ló gbé e.
Mo bá Sùnmọ́là ní Ayétòrò, lábẹ́ ọkọ̀ ẹlòmíràn.
Mo bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀, mo ní: "Kí ló pa á?"
Ẹsẹ̀ rẹ̀ nìkan ni mo ń rí. Ẹsẹ̀ náà dáhùn:
"Ooru ni, Ìyá Sínótù.
Omi wúwo ju bó ṣe ń dún lọ.
Inú rédíétọ̀ ni òróró gíà ti ń tutù,
rédíétọ̀ náà ń laágùn.
Ẹni tí iná ń jó kì í fẹ́ abẹ̀bẹ̀ fún ẹnì kejì."

Ọjọ́rú, a lọ wá kúlà lọ́nà Ìjẹ̀bú.
Mo nawọ́ sí èyí tó tóbi jù,
tó fẹ̀ bí ilẹ̀kùn kọ́bọ́ọ̀dù.
Ó ní: "Èyí á dí rédíétọ̀ lójú."
Mo mú onípáìpù lílọ́. Ó mi orí.
Ó wá yọ ọ̀kan lábẹ́ ìdọ̀tí,
pẹlẹbẹ lórí pẹlẹbẹ bí ewé ìwé,
ó fi àtàǹpàkò dí ihò kan, ó rì í sómi,
ó fẹnu fẹ́ ihò kejì títí ojú rẹ̀ fi pọ́n.
Omi ò hó.
Ẹni tó ń tà á ní ẹgbẹ̀rún márùndínláàádọ́rin.
Mo ní ogójì. Ó bínú, ó bínú,
ó gbà á ní méjìdínláàádọ́ta.

Rídíwáànù ọmọṣẹ́ fẹ́ fi okùn ike so ó
gba inú eyín wẹ́wẹ́ rédíétọ̀.
Sùnmọ́là gbá ọwọ́ rẹ̀ dànù:
"Ọkọ̀ ń gbọ̀n. Okùn á rẹ́ eyín yẹn tán!"
Irin méjì ló gé, ó dè é mọ́ egungun ọkọ̀,
ó fi àyè ìka kan sílẹ̀ kí atẹ́gùn rí ibi mí.
Họ́ọ̀sì pẹtiróòlù ni mo rà wá.
Ó dá a padà fún mi: "Òróró gíà á jẹ ẹ́. Lọ pààrọ̀ rẹ̀."
Èmi tí àwọn ẹlẹ́ja ń dìde fún létí ọ̀sà,
mo fẹsẹ̀ rìn lọ bí ọmọ tí wọ́n rán níṣẹ́.

Ọ̀nà méjì ni òróró ń gbà, àlọ àti àbọ̀.
"Ṣáná sí i! Ó tó, pa á!"
Pupa tú sínú abọ́.
Àbọ̀ nìyẹn. Ibẹ̀ ló gé,
kí òróró kọ́kọ́ gba atẹ́gùn
kó tó wọlé.

Lọ́jọ́ kejì mo pọn omi kún táǹkì, láìsí ẹja,
mo gun Òkè Balógun lẹ́ẹ̀mẹta.
Sùnmọ́là ń jẹ ẹ̀pà lẹ́gbẹ̀ẹ́ mi, kò sọ nǹkan kan.
Lókè, ó ṣí bọ́nẹ́ẹ̀tì, ẹ́ńjìnnì ń ṣiṣẹ́ lọ́wọ́.
"Fọwọ́ kan èyí."
Mo kàn án, mo yọwọ́ kíá.
"Wá kan èyí."
Mo gbọ́wọ́ lé họ́ọ̀sì àbọ̀, mo fi í síbẹ̀:
iwájú orí ọmọ
tí ibà ṣẹ̀ṣẹ̀ ń fi sílẹ̀.
N kò fẹ́ yọ ọ́ mọ́.
Fóònù ń dún nínú ọkọ̀, Ìkòròdú ni,
ẹ̀kán òróró kan sì ń rọra yọ lẹ́nu kílíìpù.
Sùnmọ́là ti rí i,
ó ń wá sukudíráfà rẹ̀ láàárín èèpo ẹ̀pà.