Ìlà Pẹ́ńsù

Reluwé ò gba Ògbómọ̀ṣọ́ kọjá rí;
Ọ̀fà ni bàbá mi ti gbọ́ fèrè rẹ̀,
ó ń sín in jẹ títí ó fi darúgbó.
Èmi, lẹ́yìn kàlẹ́ńdà ìjọ,
mo fa ilà láti Tókíò dé Kìótò,
mo pa Ọ̀sákà rẹ́, mo tún un kọ.

Tíkẹ́ẹ̀tì ọjọ́ méje? Owó káṣú ọdún méjì!
Ẹ jẹ́ n gun èyí tó ń yà ní gbogbo ibùdó,
kí n jẹ ìrẹsì tútù, kí n sùn níjòókòó:
díẹ̀díẹ̀ nimú ẹlẹ́dẹ̀ ń wọgbà.

Ìyá mi tẹjú mọ́ ìwé náà.
"Abọ́sẹ̀dé, èwo ló ń padà sí Arówómọlé?"

Mo wo pẹ́ńsù ọwọ́ mi.