Ìgò Mẹ́tàdínlógún

Tarvo, gbé korobá yẹn sílẹ̀ ná.
Kí o tó bi mí ní iye ọkà báálì tí a ó rẹ,
fi ọwọ́ rẹ hàn mí.
Ọwọ́ tó ṣẹ̀ṣẹ̀ tú ẹ́ńjìnnì ọkọ̀ ojú omi
kò gbọdọ̀ kan ìkòkò ọtí mi.

Ní erékùṣù Saaremaa níhìn-ín,
ẹni tí ọtí rẹ̀ bá kan kì í jẹ́wọ́:
á ní omi kànga ló yí padà lọ́dún yìí,
á ní òṣùpá ni, á ní ojú aládùúgbò ni.
Irọ́ ni. Korobá rẹ̀ ló dọ̀tí.

Fọ̀ ọ́. Tún un fọ̀. Da omi híhó lé e.
Ṣùgbọ́n má fi ọṣẹ olóòórùn dídùn fọ̀ ọ́ o!
Mo ṣe bẹ́ẹ̀ lọ́dún tí mo gbé Maimu níyàwó:
ìfófòó ọtí kú lójú ẹsẹ̀,
ife ń ta sánsán bí aṣọ tí a ṣẹ̀ṣẹ̀ sá,
àwọn àna mi ń mu ún, wọ́n ń wo ara wọn.

Ẹ̀ka júnípà, ìsàlẹ̀ àgbá ló ń gbé,
òun ni asẹ́ wa, òun ni òórùn igbó inú ọtí.
Já èyí tó ní èso.
Má já ti etí títì,
ajá Heldur ti tọ̀ sí gbogbo rẹ̀.

Ó wá ku ìwúkàrà.
Ibí ni ìkánjú ti ń ba iṣẹ́ ọ̀sẹ̀ kan jẹ́.
Kì í ṣe ìyẹ̀fun lásán, ẹ̀mí ń bẹ nínú rẹ̀.
Bí omi ọkà bá ṣì gbóná tó ń bó ni lẹ́nu,
tí o dà á sí i, o sè é jinná nìyẹn.
Bí ó bá tutù jù, á ká jọ, á sùn,
àlejò tí a kò pè á sì jókòó sídìí àsè.
Ìyá mi kò ní òṣùwọ̀n ooru,
ìgúnpá ló ń tì bọ inú rẹ̀, á ka ẹẹ́wàá.
Ìwọ, ra òṣùwọ̀n.
Ìgúnpá rẹ kò tíì gbọ́n.

Lẹ́yìn náà, dé e, kí o sì lọ gé igi.
O óò gbọ́ ọ nínú òkùnkùn, pọ́-pọ́-pọ́.
Jẹ́ kó wí tirẹ̀ tán.
Ẹni tó ń ṣí ìdérí wò láàárọ̀ lálẹ́
ló ń fọwọ́ ara rẹ̀ ṣílẹ̀kùn fún ọtí kíkan.

Mo mọ̀, ọ̀rọ̀ ìgò lo fẹ́ gbọ́.
Lọ́dún tí òkun dì, tí mọ́tò ń gba orí yìnyín kọjá,
mo ṣe bí ẹni pé ọtí ti dákẹ́. Kò tíì dákẹ́.
Ṣíbí ṣúgà kékeré kan ni ìgò kan ń fẹ́,
mo fún un ní mẹ́ta. Mo fẹ́ kó fò.
Ó fò.
Aago méjì òru: gbà! Maimu ní ìbọn ni.
Gbà! Iná tàn ní ilé Heldur.
Mẹ́tàdínlógún. Ẹnu ọ̀nà ni mo ti kà wọ́n,
n kò jẹ́ wọ inú àjà ilẹ̀ títí ilẹ̀ fi mọ́.
Maimu ń ṣa àfọ́kù nínú àpò ọ̀dùnkún
títí di oṣù karùn-ún,
kò sì jẹ́ kí n gbàgbé títí ó fi lọ.
Bí mo bá ti gbé ṣúgà báyìí, mo ń gbọ́ ọ:
“Ṣíbí kan, Endel. Kan ṣoṣo.”

Kọ gbogbo rẹ̀ sílẹ̀: ọjọ́, ooru, ìwọ̀n.
Èyí tó dùn jù nínú gbogbo ọtí tí mo pọn láyé,
n kò kọ nǹkan kan.
Ogún ọdún rèé tí mo ti ń wá a.

Ó yá, mú ọwọ́ yẹn wá.
Hẹ̀n-ẹ́n. Ó mọ́ díẹ̀.
Èékánná ńkọ́?