Ihò Kẹtàdínlógún

Mo gun àkàbà dé orí kọ́bọ́ọ̀dù irin
lẹ́yìn yàrá káàdì, ní Òkè-Fìà.
Àlàǹgbá kan ti gbẹ sí ẹ̀yìn fáànù rẹ̀.
Swíìṣì ni wọ́n ń pè é,
kì í ṣe èyí tí à ń tẹ̀ tí gílóòbù fi ń tàn.
Àpótí pẹlẹbẹ ni, ihò mẹ́rìnlélógún,
wáyà búlúù kì í lẹ́nu bí ọmọ ẹran tó rọ̀ mọ́ ọmú.

Oṣù méjì ni wọ́n fi sọ pé Bàbá Kàsálì ni.
Ọdẹ òru. Pé òun ló ń yọ wáyà,
pé ó ń wá ibi tó máa ti ṣáàjì fóònù.
Bí ilẹ̀ bá mọ́, yàrá àyẹ̀wò ẹ̀jẹ̀ kò ní rí fáìlì kankan,
aláìsàn á tò dé ẹnu géètì,
nọ́ọ̀sì á máa fi ìbínú kọ̀wé lọ́wọ́.
"Ta ló tún ń sùn níbí?" ni Fádèyí akápò wí.
Ó ti tẹ lẹ́tà ìdádúró sílẹ̀. Déètì nìkan ló kù.

A-gbẹ́jọ́-ẹnìkan-dá, àgbà òṣìkà.
Mo ní ẹ jẹ́ kí n bi àpótí yìí léèrè ná.

Mo bi í. Ó ti gbàgbé.
Ìrántí rẹ̀ kò ju ẹ̀kúnwọ́ kan lọ,
bí iná bá sì ti lọ, ọwọ́ á ṣófo.
Aago rẹ̀ gan-an, ẹ wá wò ó:
ọjọ́ kìíní, oṣù kìíní, ọdún 1970.
Ìyá mi kò tíì mọ bàbá mi nígbà náà.
Ẹlẹ́rìí tí kò mọ ọjọ́ òní,
ẹjọ́ wo ni yóò bá ni rò?

Aago ni mo kọ́kọ́ tò.
Lẹ́yìn náà mo fún un ní àdírẹ́sì
kọ̀ǹpútà àtijọ́ kan tí mo gbé sí abẹ́ tábìlì olóògùn,
tó ní bátìrì tirẹ̀, tí kì í bá iná kú.
Mo ní: ohun tí o bá rí, má gbé e mì. Sọ fún eléyìí.
Báwo ni ọ̀rọ̀ ṣe gbọdọ̀ wúwo tó kó tó sọ ọ́?
Òdo ni ti ilé tó ń jó.
Èje ni ti aláròyé tó ń ka èémí ara rẹ̀.
Mo mú èje, òjò ọ̀rọ̀ fẹ́rẹ̀ẹ́ bò mí mọ́lẹ̀;
mo sọ̀ ọ́ kalẹ̀ dé márùn-ún.
Mo sì rántí fi gbogbo rẹ̀ pamọ́.
Ní Ìkìrun, lọ́dún tó kọjá, n kò rántí.

Mo fa wáyà kan yọ, mo kì í padà.
Lábẹ́ tábìlì, ìlà méjì:
ihò kẹsàn-án ṣubú. Ihò kẹsàn-án dìde.
Mo rẹ́rìn-ín lórí àkàbà, èmi nìkan.

Òru mẹ́ta. Lówùúrọ̀ Ọjọ́bọ̀ mo kà á fún wọn.
Aago méjì òru ku ìṣẹ́jú méjìdínlógún:
ihò kẹtàdínlógún ṣubú. Ó dìde. Ó ṣubú. Ó dìde.
Ẹ̀ẹ̀marùn-ún láàárín ìṣẹ́jú kan.
Ọwọ́ ọdẹ wo ló yá tó bẹ́ẹ̀?
Ìlà tó tẹ̀lé e ni mo kà lẹ́ẹ̀mejì:
"Ségesège rẹ̀ pọ̀. Mo ti ihò náà pa."
Àpótí fúnra rẹ̀.

Mo fi tọ́ọ̀ṣì tọ wáyà náà lókè àjà
dé ibi tí kápẹ́ńtà kan ti dì í pọ̀
mọ́ wáyà ẹ̀rọ tó ń fa omi kànga.
Bí iná bá dé lóru, tí ẹ̀rọ omi gbéra,
ihò kẹtàdínlógún á gbọ̀n.

Fádèyí mú lẹ́tà náà, kò ya á.
Ó fi í sínú dúrọ́ọ̀, ó tì í.

Bàbá Kàsálì dúró lẹ́nu ọ̀nà, fìlà rẹ̀ lọ́wọ́.
"Ǹjẹ́ ó kọ orúkọ mi síbẹ̀?"
Rárá, Bàbá. Kò mọ orúkọ ẹnì kankan.
"Ó dáa," ó ní,
ó lọ ṣí géètì fún àwọn aláìsàn.