Ọkọ̀, Ọkọ, Minori

Ọdún kejìlélógún rèé tí mo ń kan ilẹ̀kùn yìí ní Rausu,
báàgì ìwé léjìká, súìtì mẹ́ta lápò fún ẹni tó bá ṣílẹ̀kùn.
Yìnyín ti gúnlẹ̀ sétíkun. Òkun ò pariwo mọ́,
ó sùn bí ẹni tó fi aṣọ borí.

Fumie gbé tíì kalẹ̀.
"Chizuru, àwọn nǹkan kan wà tí mo fẹ́ kí a yọ."

Mo ṣí fáìlì. Ọwọ́ ara mi ni mo fi kọ ilé yìí:
ọdún tí wọ́n ra ọkọ̀ ojú omi aláwọ̀ aró, mo fi kún un;
ọdún tí ìjì ká òrùlé àká tí wọ́n ń sá ewé òkun sí,
mo pa koríko rẹ́, mo kọ páànù;
ọdún tí Kazushi ọmọ wọn kó lọ sí Nagoya,
mo yọ orúkọ kan kúrò lára àwọn ará ilé,
ìyá rẹ̀ ń wo bírò mi bí ẹni ń wo ọ̀bẹ.

"Yọ ọkọ̀."
Wọ́n ti tà á fún ọmọkùnrin kan ní Shibetsu.
"Yọ ọkọ."
Teizo. Oṣù kẹsàn-án ló kú,
kì í ṣe sínú omi tó fi àádọ́ta ọdún bẹ̀rù,
orí àga ni, níwájú tẹlifíṣọ̀n,
bí wọ́n ṣe ń sọ bí ojú ọjọ́ yóò ṣe rí lọ́la.
Ọkọ̀, ọkọ: irú ìlà kan náà ni mo fà lé méjèèjì.
Ohùn nìkan ló yà wọ́n.

Mo ṣírò, mo tún un ṣe.
"Owó oṣooṣù yín yóò wálẹ̀, yóò kéré sí ìdajì."
Ó rẹ́rìn-ín, eyín rẹ̀ kan ti yọ.
"O ò rí i? Bí ohun téèyàn lè pàdánù bá ti tán,
ayé a wá dọ̀pọ̀."
Ọjọ́ mẹ́ta ni wọ́n fi kọ́ wa ní èsì ní Sapporo.
Èyí ò sí níbẹ̀. Mo mu tíì mi.

Ó ku àlàfo kan: ẹni tí yóò gba owó.
Teizo ló wà níbẹ̀, òkú kì í sì í gbowó.
"Kọ Minori. Ọmọ Kazushi."
"Báwo ló ṣe ń kọ ọ́?"
Torí lọ́dọ̀ wa, Minori kan jẹ́ ìkórè,
òmíràn èso, òmíràn òfin;
etí ò lè yà wọ́n, àfi ojú.

Fumie wo àtẹ́lẹwọ́ rẹ̀ tí iyọ̀ ti là.
Ó mọ ìwọ̀n bàtà ọmọ náà nígbà tó pé ọdún mẹ́fà.
Ó mọ̀ pé kì í jẹ àlùbọ́sà.

"Mi ò lè méfò," ni mo wí.
Ọdún mẹ́rin ni wọn ò ti bára sọ̀rọ̀,
nítorí gbólóhùn kan tí Teizo sọ nídìí oúnjẹ.
Ó yẹ ká yọ ìyẹn náà,
ṣùgbọ́n kò sí fọ́ọ̀mù rẹ̀ nínú báàgì mi.

Ó fa fóònù mọ́ra. Mo dìde lọ wo yìnyín lójú fèrèsé.
"Minori? Rárá, kò sóhun tó ṣe mí.
Àwọn adójútòfò ni.
Wọ́n ní kí n bi ọ́ bí o ṣe ń kọ orúkọ rẹ."

Ó pẹ́.
Lẹ́yìn náà, ohùn tín-ín-rín kan bẹ̀rẹ̀ sí í ṣàlàyé,
ìlà kan lẹ́yìn ìlà kan, láìkánjú,
ìka Fumie sì ń tẹ̀ lé e lórí tábìlì
nínú tíì tó dà sílẹ̀.

Kò tíì tẹ èdìdì. Ilé méjì ló kù kí ilẹ̀ tó ṣú.
Mo bọ́ ẹ̀wù òtútù mi,
mo tún jókòó.