Ìlà Mọ́kànlélógójì

Ìlà mọ́kànlélógójì ló wà lójú kọ̀ǹpútà,
gbogbo wọn ṣófo.
Ragnfrid kà wọ́n lẹ́ẹ̀mejì, ó tún fi ìka tọ̀ wọ́n.
Iye àpótí ẹja tó gúnlẹ̀ sí Båtsfjord lóru náà nìyẹn,
kò lé, kò dín.
Ẹ̀yìnkùlé mọ̀ pé ẹja wà.
Ojúde ò rí ẹja kankan.

Oṣù kejìlá ni. Oòrùn ti kọ̀wé fiṣẹ́ sílẹ̀
láti ìparí oṣù tó kọjá.
Aago mẹ́wàá òwúrọ̀, iná òpópónà ṣì ń jó,
kọfí ti di omi tútù nínú ife rẹ̀.

Kóòdù tó kọ ò pọ̀. Kò pàṣẹ fún ẹnikẹ́ni
pé lọ síbí, gbé èyí, padà, tún lọ.
Ó kàn sọ bó ṣe yẹ kó rí:
kí ìlà kan wà fún àpótí kan,
kí aṣojú kan dúró fún un,
kí ẹja wà lápá òsì,
kí ìwọ̀n wà lápá ọ̀tún, kó dúdú, kó nípọn,
kí ọjọ́ wà nísàlẹ̀, ní àwọ̀ eérú,
bí ẹni tó júwe ilé fún bíríkìlà
tó sì wá àga jókòó.

Aṣojú mọ́kànlélógójì tò lọ́wọ̀ọ̀wọ́,
wọ́n lanu,
wọn ò rí ọ̀rọ̀ sọ.

Ó ṣílẹ̀kùn ẹ̀yìnkùlé.
Iṣẹ́ Torleiv ni, láti ìgbà tí wọn ò tíì bí Ragnfrid.
Ó mọ́, ó le, kò sí ọ̀rọ̀ asán níbẹ̀:
igba ó lé mẹ́tàdínlọ́gọ́ta fún èyí,
igba ó lé méjìdínlọ́gọ́ta fún ìyẹn,
bí ẹlẹ́wọ̀n tí wọ́n gba orúkọ lọ́wọ́ wọn lẹ́nu ọ̀nà.

Ó pe bàbá náà lórí fóònù ní Kongsfjord,
níbi tó ti ń kun ọkọ̀ kékeré kan
tí kò ní kan omi mọ́.
“Kí lẹ pe ìwọ̀n?”
“N ò pè é ní nǹkan kan.”
“Ẹja ńkọ́?”
“Èmi mọ̀ ọ́n. Nọ́ńbà rẹ̀ wà níbẹ̀.”
Afẹ́fẹ́ gba inú fóònù kọjá, ó pẹ́ díẹ̀.
“Ọgbọ̀n ọdún ni mo fi ṣe é, ọmọ yìí.
Ìwọ lẹni àkọ́kọ́ tó bèèrè.”

Mo mọ ẹja yẹn. Torsk ni wọ́n ń pè é lọ́hùn-ún.
Bó bá gbẹ tán, tó sọdá òkun,
tó wọ ìkòkò ìyá mi, òkóporókó ló ń jẹ́.
Ẹ dúró ní ìdáná wa kẹ́ ẹ pe torsk títí ilẹ̀ ó fi ṣú,
kò sóhun tí yóò dá yín lóhùn,
bẹ́ẹ̀ òórùn rẹ̀ ti gba ilé kan.

Ragnfrid kọ ìwé ìsọmọlórúkọ, ìlà mẹ́ta péré.
Kò fọwọ́ kan nǹkan mìíràn nínú iṣẹ́ bàbá.
Ìwọ nọ́ńbà yìí, ẹja.
Ìwọ, ìwọ̀n.
Ìwọ tó kẹ́yìn, ọjọ́.
Ojú kọ̀ǹpútà ṣẹ́.
Aṣojú mọ́kànlélógójì sọ̀rọ̀ lẹ́ẹ̀kan náà.

Eilert wọlé pẹ̀lú bàtà tó ń ṣomi,
ó wá tirẹ̀ kàn: irinwó kílò ó lé méjìlá.
Ó rẹ́rìn-ín músẹ́.
Wọ́n ti tún àpótí rẹ̀ wọ̀n ní wákàtí kan sẹ́yìn,
yìnyín ló gba ìyókù.
Ẹ̀yìnkùlé ti kọ ọ́ sílẹ̀,
ṣùgbọ́n ẹni kankan ò ké sí ojúde pé nǹkan ti yí.
“Fi í sílẹ̀ bẹ́ẹ̀,” Eilert wí.

Ragnfrid fi igbe kan ṣoṣo kún un.
Òkè yí, ìsàlẹ̀ ò mira,
“lé” di “dín”:
irinwó kílò ó dín mẹ́ta.

Eilert kó ìbọ̀wọ́ rẹ̀ nílẹ̀.
“Ìgbà tó ṣófo,” ló wí lẹ́nu ọ̀nà,
“ló dùn mọ́ mi.”